Sísá Ilẹ̀ Sóòrùn

Ẹni tó ní ọgbà ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé ní Magodo lè ro ilẹ̀ tán, kó fi í sílẹ̀ gbalasa nínú ọ̀gbẹlẹ̀, kó ní òun ti sá a sóòrùn. Kò tíì sá a.

“Sá” yìí náà la fi ń sá aṣọ, tí a fi ń sá èlùbọ́. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé, torí gbígbẹ la fẹ́ kí aṣọ àti èlùbọ́ gbẹ. Ní ti ilẹ̀, ooru là ń wá. A ó bomi rin ín dáadáa, torí omi ló ń gbé ooru wọ inú ilẹ̀. A ó tẹ́ ọ̀rá tó mọ́ gaara lé e, a ó sì fi yẹ̀pẹ̀ tẹ etí rẹ̀ yíká. Ẹ ó rí i lọ́sàn-án tí omi ń kán lábẹ́ ọ̀rá náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ooru á pa ọ̀pọ̀ èso èpò, àti aràn tíntìntín tó ń mú gbòǹgbò tòmátò wú. Jaakov Katan àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ísírẹ́lì gbé ìwádìí lórí ọ̀nà yìí jáde lọ́dún 1976.

A lè sọ pé: “Ìyá Bọ́dé sá ilẹ̀ ewédú rẹ̀ sóòrùn lóṣù Kejì, kí òjò tó dé.”

Ẹ má pè é ní bíbo ilẹ̀. Koríko gbígbẹ tàbí ọ̀rá dúdú la fi ń bo ilẹ̀, kí èpò má bàa hù. Lẹ́yìn sísá ilẹ̀ sóòrùn, èpò tó ta kókó sísàlẹ̀ ilẹ̀ ṣì lè yè; ẹ fi ọwọ́ hú u.