Bọ́tà Wo Lẹ Ń Sọ?

Dókítà kan lè wà lórí rédíò ní Ìbàdàn, kó máa rọ àwọn olùgbọ́ pé kí wọ́n dín bọ́tà kù, kí ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá ọ̀nà sì rò pé òun ni wọ́n ń bá wí. Bẹ́ẹ̀ ohun tí ìyá náà ń fi ọ̀bẹ rẹ́ sínú búrẹ́dì yàtọ̀ sí ohun tí dókítà ní lọ́kàn. Ti dókítà, wàrà màlúù ni wọ́n pò títí tí ọ̀rá fi yọ lára rẹ̀. Ti ìyá náà, òróró tí wọ́n ṣe títí tó fi dì ni. Orúkọ kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń jẹ́ lẹ́nu wa. Kódà Blue Band, tó jẹ́ pé májárínì ni, bọ́tà ni ọ̀pọ̀ ilé ń pè é. Àwọn Òyìnbó ti ń jiyàn lórí èyí tó sàn nínú àwọn méjèèjì fún ohun tó lé ní 150 ọdún. Ẹni tó bá fẹ́ gbé àríyànjiyàn yẹn wá sínú Yorùbá yóò kàn rí i pé òun ń sọ pé bọ́tà sàn ju bọ́tà lọ.

Kì í ṣe pé a kò wá ọ̀rọ̀ rí. Nínú Bíbélì tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, òrí-àmọ́ ni wọ́n pe ọ̀rá inú wàrà. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Òrí ti ní oní-nǹkan tẹ́lẹ̀: èyí tí a fi ń ra ara, tí a fi ń ra ọmọ tuntun lẹ́yìn ìwẹ̀. Ẹ sọ fún ọmọ pé kó fi òrí sí búrẹ́dì, kí ẹ wo ojú tí yóò fi wò yín. Àwọn Hausa ní man shanu, ọ̀rá màlúù, ọ̀rọ̀ tó mọ́ tónítóní. Àwa ra wàrà lọ́wọ́ Fúlàní fún ìgbà pípẹ́ láìbèèrè orúkọ ọ̀rá tó ń yọ lára rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ sọ májárínì lórúkọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ojú orúkọ rẹ̀ ti rí. Ní 1869, ará Faransé kan, Hippolyte Mège-Mouriès, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun kan tó fi ọ̀rá màlúù àti wàrà díẹ̀ ṣe. Napoleon Kẹta, olú ọba Faransé, ló ń wá ohun tó jọ bọ́tà, tí owó rẹ̀ kò wọ́n, tí kò sì ní tètè bàjẹ́, fún àwọn ọmọ ogun ojú omi àti àwọn tálákà. Orúkọ tí Mège-Mouriès fún un wá láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún péálì, nítorí Michel Chevreul, onímọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, ti fi ọ̀rọ̀ náà sọ ásíìdì ọ̀rá kan tó ń dán lórúkọ. Péálì! Ẹni tó ń tajà ló gbọ́n.

Orúkọ dídán yìí kò tẹ́ àwọn tó ń sin màlúù lọ́rùn rárá. Ní 1886, ìjọba Amẹ́ríkà gbé owó orí lé májárínì. Lọ́dún kan náà, Kánádà fòfin dè é pátápátá, kò sì tú òfin náà sílẹ̀ títí di 1948, àfi ọdún díẹ̀ ní àkókò Ogun Àgbáyé Kìíní àti kété lẹ́yìn rẹ̀. Wisconsin, ìpínlẹ̀ àwọn oníwàrà, sọ ní 1895 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta májárínì tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi bọ́tà, òfin náà sì wà títí di 1967. Funfun ni kí ó wà. Ní Amẹ́ríkà, àwọn aṣe-májárínì wá ń fi aró díẹ̀ sínú páálí, kí ìyàwó ilé fi ọwọ́ ara rẹ̀ pò ó mọ́ ọn. New Hampshire ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní àwọ̀ píǹkì, àwọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní fẹ́ fi sẹ́nu, ni kí wọ́n pa á láró, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà fi wọ́gi lé òfin náà ní 1898. Quebec, ní Kánádà, ní tirẹ̀ kò gbà kí májárínì ní àwọ̀ bọ́tà títí di 2008.

Mo pẹ́ lórí ìtàn yìí nítorí pé àwọn kan wà láàárín wa tó ń ṣe ohun tí New Hampshire ṣe, ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Wọ́n ní ká pe májárínì ní ayédèrú bọ́tà. Ẹjọ́ ti parí kí wọ́n tó pe ẹlẹ́rìí. Àwọn mìíràn ní bọ́tà àtọwọ́dá, èyí tó dà bí ẹni pé kò ṣe ojúsàájú, àmọ́ ta ló rí màlúù tí bọ́tà ń jáde lọ́mú rẹ̀? Ọwọ́ ènìyàn ló pò ó.

Ẹ tún wo bí àwọn onímọ̀ fúnra wọn ṣe ń yí padà. Ní 1961, ìwé ìròyìn Time gbé àwòrán Ancel Keys sí iwájú rẹ̀, ọkùnrin tó ń kìlọ̀ pé ọ̀rá ẹran àti ti wàrà ń ba ọkàn jẹ́. Ní àkókò yẹn, májárínì ni ààyò. Ká ní a ti sọ ọ́ ní bọ́tà aṣaralóore nígbà náà, ojú ì bá ti tì wá ní 1990, nígbà tí Mensink àti Katan ní ilẹ̀ Netherlands fi hàn pé ọ̀rá kan tó ń wáyé bí wọ́n bá mú òróró dì láàbọ̀ ń fi kún kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù búburú, ó sì ń dín rere kù. Denmark fi gbèdéke sí ọ̀rá náà ní 2003. Ìlànà 2022 ti NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, ní kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú gíráàmù 100 ọ̀rá. Ọ̀pọ̀ májárínì òde òní ti yọ ọ́ kúrò. Èwo wá ni ayédèrú níbẹ̀?

Nítorí náà, ibi tí nǹkan ti wá ni kí a fi sọ ọ́: bọ́tà wàrà, bọ́tà òróró. Ọmọ ọjà kò ní béèrè ìtumọ̀, nítorí ó ti ń sọ bọ́tà ẹ̀pà tipẹ́. Ẹnìkan lè sọ pé epo pupa ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ májárínì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti bó epo náà tí pupa rẹ̀ ti lọ, òróró ni àwa fúnra wa ń pè é. Púpọ̀ nínú òróró inú ìgò lọ́jà, ìyẹn náà ni.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá gan-an ló le. Ọ̀rá ni ti ara ẹran, ọ̀rá náà sì ni àpò tí wọ́n ń bá wa di ẹ̀wà sí. Àhesọ kan ń rìn kiri pé díẹ̀ báyìí ló kù kí májárínì di ike. Inú Yorùbá nìkan ni àhesọ yẹn ti lè rí ẹ̀rí èké! Ọ̀rá tí àwọn onímọ̀ kẹ́míìsì sọ pé háídírójìn ti gba gbogbo àyè ara rẹ̀, àwọn kan ń pè é ní ọ̀rá tó kún. Ẹni tó ń gbọ́ yóò rò pé ọ̀rá tó pọ̀ ni. Ọ̀rá dídì ni mo fara mọ́, ọ̀rá ṣíṣàn sì ni ìkejì rẹ̀. A ní omi dídì tẹ́lẹ̀, ojú wa sì ti rí àdín àti epo tó dì lákòókò ọyẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò ní dá wa sí ṣá: nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú epo pupa ló jẹ́ dídì, ti òróró àgbọn sì ju ti bọ́tà wàrà lọ dáadáa.

Lórí ọ̀rá tí Mensink àti Katan rí, mo gba kí a yá ọ̀rọ̀: ọ̀rá tráǹsì. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé okùn rẹ̀ kò tẹ̀, ó nà tọ́ọ́rọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi èyí dá ọ̀rọ̀ yóò sọ pé ọ̀rá títọ́, ó sì ti sọ fún gbogbo ìlú pé òun ló tọ́ kí wọ́n jẹ. Ní ti kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tó fún rédíò, bí wọ́n bá ti fi kún un pé ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ó ku èyí tí omi pọ̀ nínú rẹ̀. Bọ́tà wàrà ní Yúróòpù gbọ́dọ̀ ní ọ̀rá tó tó ìdá 80 nínú 100, àmọ́ ilé ìtajà kún fún irú èyí tí ọ̀rá rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, tó rọ̀, tí wọ́n dá orúkọ mìíràn fún ní ti pé wọ́n ń fi í tẹ́ orí búrẹ́dì. Mo gbìyànjú àfipabúrẹ́dì, ó dún bí ohun tí wọ́n fi ń pa búrẹ́dì kú. Mo yí i sí àfirabúrẹ́dì, ó di owó tí wọ́n fi ń ra búrẹ́dì. Bọ́tà òróró ọlọ́ràá-díẹ̀ ni mo ń pè é báyìí. Ó gùn jù, mo mọ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú kó mú un wá.