Ẹ̀gúsí Bàrà àti Orírun Wọtamẹ́lọ̀n

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìmọ̀ ọ̀gbìn, orúkọ kan náà, Citrullus lanatus, ni a fi ń pe wọtamẹ́lọ̀n àti ẹ̀gúsí bàrà. Ẹni tó bá ti gbin bàrà rí mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹran bàrà korò. Ńṣe ni a ń fọ́ ọ, tí a ó fi í sílẹ̀ títí yóò fi rà, kí a tó ṣa kóró rẹ̀, kí a fọ̀ ọ́, kí a sá a sí oòrùn, kí a sì bó o. Kò sí ẹni tí ń gé e jẹ.

Orúkọ Látìn yẹn pẹ̀lú ti ṣi àwọn onímọ̀ lọ́nà. Orí ewéko kan tí Carl Peter Thunberg, akẹ́kọ̀ọ́ Linnaeus, já ní Gúúsù Áfíríkà ní 1773 ni a gbé e kà, èyí sì mú kí a máa wá orírun wọtamẹ́lọ̀n síbẹ̀. Guillaume Chomicki àti Susanne Renner yẹ DNA ewéko náà wò. Èsì wọn tó jáde ní 2015 fi hàn pé kì í ṣe wọtamẹ́lọ̀n. Ẹ̀gúsí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Citrullus mucosospermus, ló bá wọtamẹ́lọ̀n tan jù nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò.

Ní 2021, Renner àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé èso Kordofan ní ilẹ̀ Sudan, tí ẹran rẹ̀ funfun tí kò sì korò, tún sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé ẹ̀gúsí ti wá kúrò nínú ìtàn náà nìyẹn? Rárá o. Ní 2022 ni a tẹ àyẹ̀wò kóró kan láti Uan Muhuggiag ní ilẹ̀ Líbíà jáde, kóró tó ti tó 6,000 ọdún. Ọ̀pọ̀ nínú àbùdá rẹ̀ bá ti ẹ̀gúsí mu. Jíìnì tí ń darí ìkorò àti èyí tí ń sọ ẹran di pupa fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí èso náà korò, kí inú rẹ̀ sì funfun bí ti bàrà. Ojú eyín ènìyàn sì wà lára àwọn kóró ìgbà náà. Kóró ni a kọ́kọ́ ń wá. Adùn ẹran ẹ̀yìn ló dé.

Èyí kò sọ pé Yorùbá ló sọ bàrà di ohun ọ̀gbìn, nítorí Líbíà kì í ṣe ilẹ̀ wa. Ohun tí mo rí fà yọ ni pé ìlò tí a ń lo bàrà ló dàgbà jù, kì í ṣe ẹ̀ka wọtamẹ́lọ̀n tó kùnà láti dùn. Ó sì yẹ kí a ṣọ́ ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀gúsí, lò: ó kan kóró ìtóò pẹ̀lú, ìyẹn Cucumeropsis mannii, tí kò sí nínú ìdílé Citrullus rárá. Olùwádìí tó kọ “ẹ̀gúsí” lásán, láìsọ bóyá bàrà ni tàbí ìtóò, kò tíì sọ irúgbìn tó ń yẹ̀ wò.