Lẹ́tà kékeré ara ṣílè màmá àgbà

Ẹ ní kí màmá àgbà kan ní Ọ̀wọ̀ tàbí Ifọ̀n fi owó àtijọ́ hàn yín, agolo ni wọ́n á gbé jáde. Kọ́bọ̀ oníhò, tọ́rọ́, sísì, ṣílè, wọ́n á dà wọ́n sórí ẹní. Ọdún, irin àti lẹ́tà kékeré kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí ni àwa máa ń wò.

Ní 1912 ni Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. Ní 1913 ni ṣílè wọn jáde: orí Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún ní iwájú, igi ọ̀pẹ ní ẹ̀yìn. Èyí tí kò ní lẹ́tà, Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. H ni ti ilé-iṣẹ́ Heaton ní Birmingham. KN ni ti King's Norton, Birmingham náà.

Fàdákà ni àwọn àkọ́kọ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, fàdákà wọ́n gógó, nítorí náà láti 1920 idẹ ni wọ́n fi ń ṣe ṣílè. Iye kan náà ni ti 1914 àti ti 1925 lójú ẹni tó ń ta kòkó nígbà náà. Lónìí, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Ìyá ọ̀rẹ́ wa kan kó tiwọn fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, wọ́n wọ̀n ọ́n papọ̀ bí idẹ, fàdákà tó wà nínú rẹ̀ sì bá a lọ. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi eérú fọ̀ wọ́n, dúdú tó wà lára fàdákà kì í ṣe ìdọ̀tí lásán.)

Ṣùgbọ́n 1936 ló ń dá wa dúró jù. Jọ́ọ̀jì kú ní oṣù kìíní ọdún náà. Edward Kẹjọ jọba, ó sì fi adé sílẹ̀ ní oṣù kejìlá. Gẹ̀ẹ́sì kò ná owó kankan tó ní orí rẹ̀ ní ilé. Owó oníhò tiwa kò ní orí ọba, orúkọ nìkan ló yí ihò ká, nítorí náà wọ́n ti tẹ orúkọ rẹ̀ sára kọ́bọ̀ àti ọ̀nínì, a sì ná wọn. Ọ̀nínì yìí náà ni a ń pè nígbà tí a bá ní a kò ní ọ̀nínì lọ́wọ́. Mẹ́wàá ló ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan.

Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà àti ọdún wà ní ojú kan. Tí ẹ bá rí 1936 níbẹ̀, ẹ yí i padà, kí ẹ ka orúkọ: GEORGIVS ni, tàbí EDWARDVS? Méjèèjì ni wọ́n tẹ̀ lọ́dún yẹn.

Nínú agolo tí a wò kẹ́yìn, Jọ́ọ̀jì ni gbogbo 1936 tó wà níbẹ̀. A ó padà sí Ifọ̀n.