Ta Ló Nilẹ̀ Tí A Kọ́lé Sí?

Ẹni tó bá wọ dánfó ní Mile 2, tó dojú kọ Àgbádárìgì, á máa rí nǹkan ńláńlá lọ́tùn-ún lósì. Trade Fair nìyí, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1977. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò Volkswagen lọ́dún 1975 nìyẹn. Bárékè àwọn ṣọ́jà wà ní Ọ̀jọ́. LASU náà wà ní Ọ̀jọ́, ìjọba Lateef Jákàńdè ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1983. Ẹ yà sí Iba, ẹ ó bá ẹ́síté tí Jákàńdè kan náà kọ́ fún àwọn tí owó wọn ò tó nǹkan.

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó já bọ́ láti ọ̀run sórí ilẹ̀ tí kò lólúwa. Abúlé àwọn Àwórì ló wà káàkiri níbẹ̀, wọ́n ń dáko, wọ́n ń pẹja. A ò sọ èyí torí pé a kórìíra ìdàgbàsókè o. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló kàwé ní LASU, ọ̀pọ̀ ló sì dàgbà sí ẹ́síté. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni pé, bí ẹnì kan bá dé lọ́la, ìbáà jẹ́ ìjọba, ìbáà jẹ́ ilé-iṣẹ́, tó ní òun fẹ́ kọ́ ilé ńlá sórí abúlé kan ní Iba tàbí lẹ́yìn Okokomaiko, kí ni àwọn ará ibẹ̀ lè ṣe? Ìtàn Èkó ti dáhùn ìbéèrè yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn ìdáhùn náà ò sì dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Àpápá. Lọ́dún 1913, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ìwé sóde pé àwọn fẹ́ gba ilẹ̀ kan níbẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú. Ilẹ̀ náà tó nǹkan bí 255 éékà. Abẹ́ Olóyè Olúwa ló wà, ìyẹn Àmọ́dù Tìjání, ọ̀kan lára àwọn Ìdẹ́jọ, àwọn olóyè onífìlà funfun tó ni ilẹ̀ Èkó. Ìjọba ò sọ pé òun ò ní sanwó. Iye tí wọ́n máa san gan-an ni ìjà wà. Ilé ẹjọ́ ìjọba ní Nàìjíríà ní Olóyè Olúwa kì í ṣe onílẹ̀ tòótọ́, pé alábòójútó lásán ni, tó ní ẹ̀tọ́ láti gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ náà. Nítorí náà, owó ẹ̀tọ́ kékeré yẹn nìkan ló tọ́ sí i. Ṣé ẹ rí ọgbọ́n inú rẹ̀? Ó dà bí ẹni gba ilé lọ́wọ́ yín, tó wá ní owó ìwé rìsíìtì tí ẹ fi ń gba owó ilé lòun máa san.

Ìwé àdéhùn ọdún 1861, tí Ọba Dòsùnmú fi fi Èkó lé ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Bí ọba bá fi ìlú sílẹ̀, ṣé ilẹ̀ àwọn olóyè àti ẹbí bá a lọ ni?

Olóyè Olúwa ò gbà. Lọ́dún 1920, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn níwájú Privy Council. Herbert Macaulay bá a lọ. Ẹ má gbàgbé pé kí Macaulay tó di olóṣèlú, awọnlẹ̀ ni. Ó ti ṣiṣẹ́ nídìí ilẹ̀ ìjọba títí di ọdún 1898. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìwé àti àwòrán gba ilẹ̀. Ó mú ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Elékòó dání lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kí ayé lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti olóyè kan ṣoṣo.

Inú ìjọba Èkó ò dùn sí ohun tí Macaulay ń sọ níbẹ̀. Wọ́n ní kí Elékòó jáde ní gbangba, kó ní òun ò rán an níṣẹ́ ọ̀hún, kó sì rán agogo káàkiri ìlú. Ọba kọ̀ láti rán agogo. Wọ́n dá owó tí wọ́n ń san fún un dúró. Lọ́dún 1925, wọ́n yọ ọ́ lórí oyè, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ọdún 1931 ló tó padà sílé, lẹ́yìn tí òun náà ti gbé ẹjọ́ tirẹ̀ dé Privy Council.

Lọ́jọ́ 11 oṣù Keje ọdún 1921, ìdájọ́ Àpápá jáde. Viscount Haldane ló kà á. Ó ní ilẹ̀ jẹ́ ti gbogbo àwùjọ. Olóyè ń bójú tó o ni nítorí tiwọn. Bí ìjọba bá yí padà, ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn lórí ohun ìní wọn ò torí bẹ́ẹ̀ parẹ́. Owó tí ìjọba máa san gbọ́dọ̀ jẹ́ owó ilẹ̀ pátápátá, bí ẹni pé gbogbo àwùjọ ló ń gbé ẹ̀tọ́ wọn sílẹ̀. Ẹgbẹ̀rún méjìlélógún àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pọ́n-ùn, £22,500, ni ọ̀rọ̀ náà parí sí.

Àmọ́ ẹ fara balẹ̀. Wọn ò rí ilẹ̀ gbà padà. Àpápá di èbúté, títí dòní. Ohun tí wọ́n jà gbà ni pé kí ẹni tó máa gba ilẹ̀ mọ̀ pé ó lólúwa, kó sì san iye tó tó. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni wọ́n fi jà á, ọba àti olóyè sì ń sọ ohùn kan náà.

Ọ̀rọ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó ò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń tàn ká wọ Èkó lọ́dún 1924, ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ lọ́dún 1928 láti tún ìlú ṣe. LEDB làwọn èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Lọ́dún 1955, àjọ yìí ní òun máa wó nǹkan bí 70 éékà láàárín Ìsàlẹ̀ Èkó, torí pé ilé ibẹ̀ há, ìdọ̀tí sì pọ̀. Wọ́n ń kó àwọn èèyàn lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Peter Marris, tó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà, tó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1961, rí i pé ilé tuntun náà mọ́ lóòótọ́, àmọ́ ó jìnnà sí ọjà. Àwọn ìyá tó ń tajà pàdánù oníbàárà wọn. Ẹbí tó ń gbé agbo ilé kan náà túká. Onílé ní owó gbà-má-bínú tó lè máa bèèrè, ayálégbé ńkọ́? Kò ní ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni máa san owó rẹ̀ fún un.

Ìyípadà tó wọ inú ilé gbogbo wa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978, nígbà ìjọba ológun Ọbásanjọ́. Òfin Ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Land Use Act, jáde. Ó ní gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ gómìnà, tó ń bójú tó o fún aráàlú. Bí gómìnà bá fẹ́ gba ilẹ̀ fún ànfààní gbogbo ìlú, abala 28 fún un láṣẹ. Abala 29 ló wá sọ ohun tó máa san: owó ilé, owó irè oko, àti owó ilẹ̀ tí wọ́n bá san fún ìjọba lọ́dún náà. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ò sí nínú ìṣirò. Abala 47 tún ní ilé ẹjọ́ ò gbọ́dọ̀ dá sí i bóyá owó náà tó tàbí kò tó.

Ẹ gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdájọ́ ọdún 1921. Bí Olóyè Olúwa bá dìde lónìí, tó gbé ẹjọ́ kan náà lọ, owó ilé àti igi tó wà lórí 255 éékà yẹn ni wọ́n máa kà fún un. Ohun tí ilé ẹjọ́ òyìnbó fún wa, ìjọba tiwa ló gbà á padà. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé àwa tí a ń bọ̀ lẹ́yìn nílò láti gbára dì ju àwọn baba wa lọ.

Àwọn tí kò rí àyè gbára dì, ẹ wo bó ṣe ṣe wọ́n. Ní oṣù Keje ọdún 1990, Gómìnà Rájí Rasákì fún àwọn ará Màrókò ní ọjọ́ méje. Ọjọ́ méje pé, katapíla dé. Nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún èèyàn, ìyẹn 300,000, ni ilé wó mọ́ lórí. Ní Otodo Gbame, abúlé àwọn Ègùn apẹja ní Lekki, àwọn ará ibẹ̀ tètè gba ilé ẹjọ́ lọ, wọ́n sì gba àṣẹ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016 pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n wó abúlé náà. Wọ́n tún padà wá ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin ọdún 2017. Nǹkan bí 30,000 èèyàn ló di aláìnílé. Lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún náà, ilé ẹjọ́ gíga Èkó dá wọn láre. Ẹjọ́ ti já sí tiwọn, àmọ́ abúlé ò sí mọ́.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Stevenage, ìlú kékeré kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí èèyàn inú rẹ̀ ò ju nǹkan bí 6,000 lọ, ìjọba fẹ́ kọ́ ilé fún 60,000 èèyàn lọ́dún 1946. Àwọn ará ìlú ta kò ó. Mínísítà tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ Lewis Silkin. Wọ́n lọ kọ "Silkingrad" sí ibùdókọ̀ reluwé, láti fi í wé ìlú Stalin. Wọ́n jáwé olúborí nílé ẹjọ́ gíga ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1947, àmọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá wọn lẹ́bi ní oṣù Keje. Wọ́n kọ́ ìlú tuntun náà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé òfin wọn ní kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó gbọ́ ẹnu aráàlú kí wọ́n tó fọwọ́ kan ilẹ̀. Èèyàn pàdánù, àmọ́ wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ kí ilé rẹ̀ tó wó.

Kí ló wá kù fún wa lójú ọ̀nà Àgbádárìgì? Ó kù díẹ̀, kì í ṣe pé kò kù rárá. Òfin ọdún 1978 kan náà ní gómìnà gbọ́dọ̀ fi ìwé tó ẹni tó ni ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ létí. Ẹni tí ìwé ò tó lọ́wọ́ lè gba ilé ẹjọ́ lọ. Lọ́dún 1991, nínú ẹjọ́ Osho àti Foreign Finance Corporation, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ní ìjọba ò lè gba ilẹ̀ lórúkọ ànfààní ìlú, kó wá fà á lé ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹ́síté olówó ńlá ń bọ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn: ta ni wọ́n ń gba ilẹ̀ yìí fún?

Ìbéèrè kejì, inú ilé ni ó wà. Abala 29 gbà kí wọ́n san owó àwùjọ fún olórí tàbí baálẹ̀, kó lò ó fún ànfààní gbogbo wọn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó lè ti ibẹ̀ yọ. Ẹbí tó ń bá ìjọba jà lọ́sàn-án lè máa ta pulọ́ọ̀tì kan náà fún èèyàn méjì lálẹ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ le débi pé ìjọba Èkó ṣe òfin tí a fi ń mú wọn lọ́dún 2016. Àwọn tó pọ̀ jù ní Okokomaiko, ayálégbé ni wọ́n, láti Ìlà-Oòrùn, láti Kútọnu, láti ibi gbogbo. Bí ìpàdé bá wà, a kì í pè wọ́n. Bí katapíla bá dé, kò ní béèrè ta ni onílé, ta ni ayálégbé.

Láti ọdún 2009 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ọ̀nà Àgbádárìgì, ṣọ́ọ̀bù àti ilé ti wó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Marina dé Mile 2 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023; Okokomaiko ni wọ́n yà á sí pé ó máa parí sí. Ọjọ́ tí reluwé bá dé, owó ilẹ̀ á fò sókè, àwọn tó fẹ́ ra á sì pọ̀.

Kò yẹ ká dúró di ọjọ́ náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé yín ibi tí ìwé ilẹ̀ àti àwòrán rẹ̀ wà, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù. Ẹ béèrè bóyá ìjọba ti kọ orúkọ abúlé yín sínú ilẹ̀ tó ti gbà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ béèrè ọjọ́ tí àdúgbò ń ṣèpàdé, kí ẹ lọ jókòó síbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ onílẹ̀ tòótọ́, ẹ ya àga sílẹ̀ fún wọn.