Pápá Ìjẹko

Pápá ìjẹko ni ilẹ̀ tí a tọ́jú koríko àti ewé sí fún màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́. Kò sí àyè fún un ní àdúgbò ìgboro Èkó bíi Palmgrove. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2021 sì ka fífi màlúù jẹko ní gbangba léèwọ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn bíi ti Òkè-Ògùn, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ló bá pápá ìjẹko mu.

Eèrùwà àti koríko gíní máa ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà òjò. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọn a gbó, wọn a le, aṣaralóore inú wọn a sì dín kù. Bí ẹran bá pọ̀ ju koríko lọ, gbòǹgbò a kú, èpò tí ẹran kì í jẹ a gba ilẹ̀, ọ̀gbàrá a sì wọ́ erùpẹ̀ lọ. Nítorí náà ni a ṣe ń pín pápá: ẹran a jẹ apá kan, a ó kó wọn lọ sí òmíràn, kí ti àkọ́kọ́ lè rú padà. A tún máa ń ro etí pápá kí iná ìgbẹ́ má baà wọ̀ ọ́, a sì ń gé koríko sá kó tó gbó.

Yàtọ̀ sí koríko, ẹran tún ń jẹ ewé igi. Ní àwọn ọdún 1980, àjọ ìwádìí ẹran ọ̀sìn ILCA ní Ìbàdàn dán gbígbin igi àgúnmánìyè àti igi Leucaena ní ìlà-ìlà sáàárín àgbàdo wò. Ọ̀pá àgúnmánìyè tí a rì mọ́lẹ̀ a hù. Ewé rẹ̀ ń bọ́ ewúrẹ́ àti àgùntàn, èyí tó ṣẹ́kù a sì sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá.