Ìdájọ́ Tí Kò Ní Pàṣán

Lẹ́tà méje ni bàbá mi kọ sí ìjọba ìbílẹ̀ kan nítorí gọ́tà kan ṣoṣo. Àwọn òṣìṣẹ́ gbẹ́ gọ́tà náà dé iwájú ilé wa, wọ́n kó ṣọ́bìrì wọn, wọn kò sì padà wá mọ́. Bí òjò bá ti rọ̀, yàrá ìyá àgbà ni omi ń wọ̀. Tíṣà ni bàbá mi, kì í sì í kọ lẹ́tà láìfi bébà kábọ́ọ̀nù sábẹ́ rẹ̀. Èsì kan ṣoṣo ló rí gbà, èyí tó sọ fún un pé wọ́n ti rí lẹ́tà rẹ̀. Ẹ̀dà méjèèje ṣì wà nínú fáìlì rẹ̀. Àwọn ló mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ìbéèrè kan: bí ìjọba ìbílẹ̀ bá ṣẹ ará ìlú, tí ọ̀ràn náà kì í ṣe olè tàbí ìjà, tí owó lọ́yà sì ju owó gọ́tà lọ, ta ni onítọ̀hún yóò fẹjọ́ sùn?

Ní Sweden ni ìdáhùn òfin sí ìbéèrè yìí ti kọ́kọ́ jáde. Òfin ìpìlẹ̀ wọn ti ọdún 1809 ní kí ilé aṣòfin yan ẹnì kan tí yóò máa ṣọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọba àti àwọn adájọ́, kó lè mọ̀ bóyá wọ́n ń pa òfin mọ́. Ombudsman ni wọ́n sọ ọ́. Olùgbọ́-ẹ̀sùn ni n ó máa pè é níbí. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí ẹlòmíràn tó wò wọ́n kọ́ṣe: Finland ní 1919, Denmark ní 1955, New Zealand ní 1962. Ìlú Ọba, tó máa ń fẹ́ kí gbogbo ayé wo òun kọ́ṣe, dúró di 1967.

Òfin ti 1967 náà kò sì kan ìjọba ìbílẹ̀ rárá. Iṣẹ́ àwọn mínísítà àti ọ́fíìsì wọn nìkan ni olùgbọ́-ẹ̀sùn yẹn lè yẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní káńsù, ló sún mọ́ aráàlú jù lọ. Òun ló ń fún wọn nílé gbé, òun ló ń kó ìdọ̀tí, òun ló ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́, òun ló sì ń tọ́jú ọmọ tí òbí kò lè tọ́. Ó di ọdún 1974 kí òfin mìíràn tó dá àjọ olùgbọ́-ẹ̀sùn sílẹ̀ fún àwọn káńsù England àti Wales. Lady Serota ni alága àkọ́kọ́ ní England.

Ohun tí olùgbọ́-ẹ̀sùn ń wá yàtọ̀ sí ti kóòtù. Kì í béèrè bóyá ìpinnu káńsù dára. Bí káńsù bá ní àwọn kò fún ọ láàyè láti kọ́ ilé alájà méjì, tí wọ́n ka ìwé rẹ, tí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ, tí wọ́n sì tẹ̀lé òfin, kò sí ohun tí olùgbọ́-ẹ̀sùn lè ṣe sí i. Ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibi ìpinnu ló ń wò. Richard Crossman, mínísítà tó gbé àbá òfin ti 1967 lọ sílé aṣòfin, ti ka irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní 1966: ojúsàájú, àìkọbi-ara-sí, ìfòní-dónìí-fọ̀la-dọ́la, àìmọṣẹ́, ìwà mo-fẹ́-ẹ-bẹ́ẹ̀, àti irú wọn. Tí olùgbọ́-ẹ̀sùn bá ti rí ọ̀kan nínú wọn, yóò tún béèrè bóyá ó pa ẹni tó mú ẹ̀sùn wá lára. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ àbájáde rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì sọ ohun tó yẹ kí káńsù ṣe láti tún un ṣe.

Ó dùn ún kà lórí ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà àtidé ọ̀dọ̀ olùgbọ́-ẹ̀sùn le. Òfin 1974 ní kí aráàlú gbé ẹ̀sùn rẹ̀ fún káńsẹ́lọ̀, kí káńsẹ́lọ̀ fi ránṣẹ́. Àfi bí onítọ̀hún bá lè fi hàn pé òun ti bẹ káńsẹ́lọ̀ tó sì kọ̀ ni wọ́n tó lè gba ẹ̀sùn lọ́wọ́ rẹ̀ tààrà. Èyí dà bí ìgbà tí a ní kí ẹni tí màlúù jẹ oko rẹ̀ gba ọ̀dọ̀ ọmọ olówó màlúù lọ fẹjọ́ sùn. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ni wọ́n fi bá a bẹ́ẹ̀. Ọdún 1988 ni òfin tuntun tó jẹ́ kí aráàlú kọ lẹ́tà fúnra rẹ̀.

Olùgbọ́-ẹ̀sùn kò sì ní pàṣán. Ó lè ní káńsù jẹ̀bi, ó lè dá a lábàá pé kí wọ́n tọrọ àforíjì tàbí kí wọ́n sanwó, àmọ́ kò lè fi dandan mú wọn. Ohun kan tó yà mí lẹ́nu ni pé kí 1978 tó dé, káńsù tó fẹ́ sanwó gan-an lè máà rí òfin tó fún un láṣẹ láti ná owó ìlú bẹ́ẹ̀. Òfin kékeré kan lọ́dún náà ló ṣí àpò fún wọn.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ dé Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ìyá kan ló fẹ̀sùn kan káńsù Bradford lórí bí wọ́n ṣe gba àwọn ọmọ rẹ̀ sí ìtọ́jú ìjọba. Káńsù ní kí kóòtù dá ìwádìí náà dúró. Lord Denning àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀, wọ́n ní kí ìwádìí máa lọ. Ní 1988, káńsù Eastleigh gbé olùgbọ́-ẹ̀sùn fúnra rẹ̀ lọ sí kóòtù lórí àbájáde kan tó dá wọn lẹ́bi nípa àyẹ̀wò ojú omi ẹ̀gbin ilé kan. (Ẹ ò rí i pé ọ̀ràn gọ́tà kò mọ sí ìlú kan.) Ọ̀rọ̀ tí Lord Donaldson sọ níbẹ̀ ni wọ́n ń tọ́ka sí di òní: káńsù tí kò fara mọ́ àbájáde, kó ní kí adájọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kó gbà á. Kò lè máa ráhùn pé olùgbọ́-ẹ̀sùn ṣì í, kó sì jókòó sílé.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi ohun tó sún mọ́ pàṣán jù lé olùgbọ́-ẹ̀sùn lọ́wọ́. Bí káńsù bá kọ̀ jálẹ̀ lẹ́yìn ìròyìn kejì, olùgbọ́-ẹ̀sùn lè ní kí ó fi owó ara rẹ̀ gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn tí wọ́n ń kà ládùúgbò, ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì: ohun tí a ní kí wọ́n ṣe rèé, wọn kò sì ṣe é.

Ẹni tó bá ti jókòó síbi òru ẹ̀fẹ̀ nílẹ̀ Kétu tàbí Yewa yóò mọ bí irú èyí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹlẹ́fẹ̀ kò ní ọlọ́pàá, kò ní ẹ̀wọ̀n. Ó ní ohùn, àwọn ará ìlú sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹni tó hùwà tí kò dáa ti mọ̀ pé gbogbo ọjà ni yóò máa kọ orin òun. N kò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa. Mo kàn rí i pé ibi kan náà ni àwọn méjèèjì fẹ̀yìn tì: ìtìjú ní gbangba.

Nàìjíríà kò pẹ́ lẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1975, ìjọba Murtala Mohammed fi Òfin Ológun kọkànlélọ́gbọ̀n, ìyẹn 31, dá Àjọ Tó Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn Aráàlú sílẹ̀, wọ́n sì fi Maitama Sule ṣe kọmíṣọ́nnà àgbà àkọ́kọ́. Ọdún 1976 ni àtúntò tó sọ ìjọba ìbílẹ̀ di bákan náà káàkiri orílẹ̀-èdè wáyé, tó fi jẹ́ pé olùgbọ́-ẹ̀sùn ti wà nílé kí ẹni tí wọ́n máa fẹ̀sùn kàn tó múra tán. Lójú mi, òfin tiwa dára ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ láwọn ọ̀nà kan. Aráàlú lè lọ síbẹ̀ tààrà láti ọjọ́ kìíní, láìgba ọwọ́ káńsẹ́lọ̀ kankan. Àjọ náà lè dìde fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sùn ún. Ó tún lè wádìí ilé-iṣẹ́ aládàáni. Abala 315 nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999 sì dáàbò bò ó débi pé bí a ṣe ń tún òfin ìpìlẹ̀ ṣe la ó ṣe kí a tó lè yí i padà.

Ibi tí mo rò pé ó kù sí ni ibi orin. Òfin náà fi í sílẹ̀ fún kọmíṣọ́nnà láti pinnu bóyá òun yóò jẹ́ kí gbogbo ènìyàn gbọ́ ohun tí òun ṣe lórí ẹ̀sùn kan, àti bí òun yóò ṣe jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Kò sí ibi tó ti ní kí ìjọba ìbílẹ̀ tó bá kọ àbájáde sanwó ìkéde.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ bàbá mi jẹ́ ti 1985, ìkeje jẹ́ ti 1987. Àjọ náà ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà yẹn. Oṣù méjìlá ni òfin fúnni láti fi mú ẹ̀sùn wá. Àwọn ará àdúgbò ló dáwó gbẹ́ gọ́tà náà parí níkẹyìn. Nígbà tí mo ka gbogbo èyí fún bàbá mi, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí pé, “Ṣé ọ́fíìsì yẹn ti wà nígbà yẹn?” Mo ní ó ti wà. Ó ní kí n kọ àdírẹ́sì wọn fún òun, pé ọ̀rọ̀ ààtàn kan wà lẹ́yìn ọjà.