Sheffield FC

Sheffield FC jẹ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni àjọ FIFA kà sí ẹgbẹ́ tó pẹ́ jù lọ ní àgbáyé nínú àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ṣì wà. Nathaniel Creswick àti William Prest dá a sílẹ̀ ní ìlú Sheffield ní ọjọ́ 24 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1857. Kíríkẹ́ẹ̀tì ni àwọn méjèèjì ń gbá tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń wá eré tí yóò mú ara wọn le nígbà òtútù.

Láyé ìgbà náà, ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ló ní òfin bọ́ọ̀lù tirẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí fọwọ́ sí òfin tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Òfin Sheffield, ní ọdún 1858. Òfin náà gbà kí wọ́n fi ọwọ́ ti bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ó ka títa ẹlòmíràn nípàá àti gbígbé e ṣubú léèwọ̀. Inú Òfin Sheffield, bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, ni kọ́nà ti wọ bọ́ọ̀lù òde òní.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 1860, Sheffield na ẹgbẹ́ Hallam ní àmì ayò 2 sí 0 ní pápá Sandygate. Ẹgbẹ́ náà gba ife-ẹ̀yẹ FA Amateur Cup ní ọdún 1904, FIFA sì fi oyè Order of Merit dá a lọ́lá ní ọdún 2004.